Akọ ológbò àlejò dé bá abo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kí ni kí n ṣe?

ÌyáOnírẹsì (Ọbáńtokò)
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ológbò tí mo ń sìn nítorí eku ṣọ́ọ̀bù bímọ 4 lọ́jọ́ Àìkú, inú páálí Indomie lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ló bí wọn sí, ojú wọn ò tíì là. Àbúrò mi tó ń lọ ṣiṣẹ́ l'Ékòó wá lọ gbé akọ tiẹ̀ wá fi sílẹ̀ lánàá, àgbà akọ ọdún 3, wọn ò tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Látàná ló ti jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá tó ń ké, ìyá ọmọ sì ń ṣe "hàáà" sí i látinú ilé. Ìyá ọkọ mi ní akọ máa ń pa ọmọ, àbúrò mi ní irọ́ ni, jẹ́jẹ́ ni tòun. Yàrá kan àti pálọ̀ ni mo ní o. Ṣé kí n jẹ́ kó wọlé kó fojú rí wọn ni abí báwo?

Ẹlẹ́ja_Láfẹ́nwá
Ìyá ọkọ yín ò purọ́. Akọ kan tó ń gba orí fẹ́ǹsì wọlé wa pa 2 nínú ọmọ 5, kò tiẹ̀ jẹ wọ́n, ó kàn gé wọn lọ́rùn jẹ sílẹ̀ ni. Ẹ tilẹ̀kùn yẹn!

Alábàtà_Vet (ọmọ ilé ìwé ni mí o, mi ò tíì di dókítà)
Kì í ṣe gbogbo akọ ló ń ṣe é, àmọ́ àlejò tí kì í ṣe òun ló lọ́mọ ló léwu jù, torí tí abo ò bá rọ́mọ fún lọ́mú mọ́ á tètè tún máa wá akọ. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fojú kanra báyìí. Tí ọkàn ìyá ò bá balẹ̀, á gbé ọmọ lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan lọ fi pamọ́, ẹ lè wá wọn títí dórí àjà.

Òórùn ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi mọra. Ẹ fi àkísà nu ìyá lára, ẹ tẹ́ ẹ sábẹ́ àwo oúnjẹ akọ, kí ẹ fi òmíràn nu akọ náà, ẹ gbé e sítòsí ìyá, kò gbọdọ̀ wọnú páálí o. Tó bá tó bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 tí àwọn ọmọ ti ń sáré, kí wọ́n wá máa wo ara wọn látẹ̀yìn nẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ sì wà níbẹ̀.

Ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú lè tún lóyún o, ẹ gbé akọ yẹn lọ sí ilé ìwòsàn ẹran ti FUNAAB (yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ l'Abẹ́òkúta), kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé ó ṣì lè fún un lóyún fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá rí yọ̀rọ̀ lára wọn, ẹ má fi ọ̀tapíapíà pa á, ẹ má sì fi oògùn yọ̀rọ̀ ajá sí ológbò lára, ó ń pa wọ́n.

Tọ́páyẹ́
Ẹ ti ń bà á lẹ́rù jù jàre. Akọ tèmi inú páálí pẹ̀lú àwọn ọmọ ló ń sùn, ó ń lá wọn.

Alábàtà_Vet
@Tọ́páyẹ́ ṣé òun kọ́ ni bàbá wọn ni? Ó ti mọ ìyá wọn tipẹ́. Ànà ni ti ÌyáOnírẹsì wọlé.

ÌyáOnírẹsì (Ọbáńtokò)
Ẹ ṣé gan-an o. Mo ti gbé akọ náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé, ó ti pa eku 1 lálẹ́ àkọ́kọ́, kó kúkú ṣiṣẹ́ oúnjẹ tó ń jẹ. Mo ya lára àdìrẹ mi tó ti gbó, mo fi nu ìyá ọmọ, mo tẹ́ ẹ fún un. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó sá fún sáwá orí ẹ̀, àmọ́ láàárọ̀ yìí ó jẹ ẹ́ tán ó tún sùn lórí aṣọ náà. Ìyá ọkọ mi ní ṣé torí ológbò ni mo ṣe ń ya àdìrẹ ọjà Ìtòkú.