Suwíìsì wo ni mo lè fi sí ẹ̀wù oníná bàbá mi tí omi ọ̀sà kò ní bà jẹ́?

Télọ̀ Ẹ̀pẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Apẹja ni bàbá mi níbí ní Ẹ̀pẹ́. Òru ni wọ́n máa ń bọ́ sórí ọ̀sà kí ẹja wọn lè tètè dé ọjà Olúwo. Lọ́dún tó kọjá, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gorí ọkọ̀ wọn nínú òkùnkùn. Ẹni tó ń wà á ní òun ò rí ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti jáde, oorun ti dá lójú mi nìyẹn.

Mo wá rán ẹ̀wù aláìlápá kan fún wọn, mo to iná LED sí èjìká àti ẹ̀yìn rẹ̀. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù 18650 kan ló ń gbé e, inú ike oúnjẹ kékeré ni mo kó o sí. Iná ò yọ mí lẹ́nu. Suwíìsì ni.

Mẹ́ta ni mo ti dán wò. Àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n máa ń tì síwá sẹ́yìn lára tọ́ọ̀ṣì: ọjọ́ mẹ́rin, ó ti dípẹtà. Ìkejì ni èyí tí wọ́n kàn ń fọwọ́ kàn: òjò kan rọ̀, ó ń tàn, ó ń kú fúnra rẹ̀. Ìkẹta ló dùn mí jù nítorí owó tí mo ná sí i. Bọ́tìnì onírin roboto ni, ẹni tó tà á fún mi ní omi ò lè ṣe é ní nǹkan kan, wọ́n sì kọ IP67 sí i. Mo lu ike, mo ki bọ́tìnì bọ̀ ọ́, mo fi gúlù dí ẹ̀yìn rẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí mo ṣí i, omi pupa bí ìpẹtà ló wà nínú ike, ẹnu wáyà ti di àwọ̀ ewé, bí mo ṣe fọwọ́ kàn án ló já.

Ọwọ́ bàbá mi kì í gbẹ lórí omi, ó sì máa ń yọ̀ nítorí ẹja. Okùn àwọ̀n ti mú kí ìka wọn le. Wọn ò ní ráyè máa wo àyà wọn kí wọ́n tó tan iná. Kí ni kí n lò?

Oníná Ìkòròdú

Ẹ pẹ̀lẹ́, àǹtí. Ẹni tó tà á lè má purọ́ o. 6 yẹn, ti eruku ni. 7 yẹn ló ní kò ní mu omi bó bá wà nínú omi tó jìn tó mítà 1 fún ìṣẹ́jú 30. Ṣùgbọ́n lára ọ̀pọ̀ irú bọ́tìnì bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ nìkan ni wọ́n dí. Ẹ̀yìn tí ẹ jó wáyà mọ́ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ike oúnjẹ sì máa ń tẹ̀, rọ́bà kì í jókòó dáadáa lára ohun tó ń tẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ bọ́tìnì ni omi gbà wọlé.

Èyí tí wọ́n ń fọwọ́ kàn, ẹ fi sílẹ̀. Omi àti ìka, ọ̀kan náà ni lójú rẹ̀.

Gúlù tí ẹ lò ńkọ́, ṣé ó ń rùn bíi fíníga?

Télọ̀ Ẹ̀pẹ́

Bẹ́ẹ̀ ni o, bọ̀dá! Ó ń ta mí nímú títí ilẹ̀ fi ṣú.

Oníná Ìkòròdú

Ó lọ́wọ́ nínú ohun tó jẹ wáyà yín. Sílíkóònù tó ń rùn bíi fíníga, ásíìdì ló ń jáde lára rẹ̀ bó bá ń gbẹ, ásíìdì yẹn sì máa ń jẹ kọ́pà. Gíláàsì ni wọ́n ń fi í lẹ̀. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ "neutral" sí lára.

Atúnrédíòṣe Badagry

Èmi ò ní lu ihò kankan rárá, àǹtí. Ẹ ra reed switch. Gíláàsì kékeré ni, kò ju ẹyọ ìrẹsì gígùn méjì tí a tò tẹ̀léra lọ. Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì wà nínú rẹ̀ tí wọn ò kan ara wọn. Bí òòfà bá sún mọ́ ọn láti ìta, wọ́n á lẹ̀ mọ́ra, iná á tàn. Agbára òòfà ń gba ara ike kọjá, omi ò lè gba ibẹ̀. Irú rẹ̀ ló wà lára ilẹ̀kùn tó máa ń ké bí olè bá ṣí i. Láti 1936 ni wọ́n ti ṣe é ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà, fún iṣẹ́ tẹlifóònù.

Èyí tó kéré yẹn kì í sábà gbé ju ìdajì ámpíà lọ. Bí iná yín bá jù bẹ́ẹ̀, kí ó máa darí MOSFET, ìyẹn suwíìsì kékeré kan tí iná díẹ̀ ń darí, kí MOSFET wá máa gbé iná. Ẹ má sì tẹ ẹsẹ̀ wáyà reed switch yẹn láti ìdí. Ẹ fi páláyà di ibi tó sún mọ́ gíláàsì mú ṣinṣin, kí ẹ wá tẹ èyí tó kù. Mo ti fọ́ mẹ́ta lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Àgbà Apẹja

Ọmọ mi, o káre, Ọlọ́run á dá bàbá rẹ sí. Ṣùgbọ́n òòfà tó bá já bọ́ sómi lóru, ta ni yóò wá a? Bọ́tìnì tó ní ìbòrí rọ́bà lèmi mọ̀, irú ti ara ọ̀kadà, a máa ń mọ̀ ọ́n lára bí a bá tẹ̀ ẹ́. Má sì ki abẹ́rẹ́ bọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì bàbá rẹ o. Kí ẹ̀wù iná wà lọ́tọ̀, kí wọ́n wọ̀ ọ́ lé e lórí. Má fi iná síwájú, kò ní jẹ́ kí wọ́n rí omi.

Atúnrédíòṣe Badagry

Ẹ ṣeun bàbá, òótọ́ ni ẹ sọ. Àǹtí, télọ̀ ni yín: ẹ rán òòfà sínú ahọ́n aṣọ kan tí kò ní kúrò lára ẹ̀wù. Ẹ fi irin pẹlẹbẹ díẹ̀ sínú ike, kí òòfà lè gbá mọ́ ọn. Bí wọ́n bá pa ahọ́n yẹn dé, wọ́n á gbọ́ "kọ̀", iná ti tàn nìyẹn. Kí irin yẹn má sún mọ́ gíláàsì náà jù, ó lè fa agbára òòfà kúrò lára rẹ̀. Bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ sí ọkàn bàbá, ẹ má gbé òòfà sí àyà wọn rárá.

Oníná Ìkòròdú

Mo fara mọ́ èyí. Ẹ ra ike líle tó ní rọ́bà lẹ́nu. Ẹ máa yọ bátìrì síta bí ẹ bá fẹ́ ṣájì rẹ̀, kí ẹ sì nu rọ́bà yẹn kí ẹ tó pa á dé. Iyanrìn kan ṣoṣo ti tó fún omi láti wọlé. Ẹnu ibi tí wáyà iná ti jáde, ẹ jẹ́ kí wáyà kọ́kọ́ rọ̀ sísàlẹ̀ kó tó gòkè, kí omi lè máa kán níbẹ̀.

Kí bàbá tó wọ̀ ọ́, ẹ yọ bátìrì, ẹ fi tíṣù sínú ike, ẹ gbé e sóòrùn títí yóò fi gbóná, kí ẹ wá rì í sínú báàkẹ́ẹ̀tì omi tútù, kí ẹ gbé òkúta lé e. Afẹ́fẹ́ gbígbóná inú rẹ̀ máa súnkì, á máa fa omi. Bó bá la ìyẹn já, ó lè bá bàbá lọ sọ́sà.

Télọ̀ Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti dé o, ẹ ṣé gan-an. Mo fọ́ gíláàsì kan, èkejì jókòó. Mo rì í láti ọ̀sán títí di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Tíṣù gbẹ, ó ń ró ṣàkàṣàkà lọ́wọ́ mi. Mo ra ọṣẹ sí bàbá lọ́wọ́, mo ní kí wọ́n dijú: àtàǹpàkò nìkan ni wọ́n fi pa á dé, iná tàn. Wọ́n pa á, wọ́n tún tàn án, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ní kí n yí padà. Ọ̀tún ni mo rán ahọ́n aṣọ yẹn sí, ọwọ́ ọ̀tún yẹn náà ni wọ́n sì fi ń di okùn àwọ̀n mú. Mo ti tú u báyìí, mo ń rán an sí òsì.