Tanwíjí kò tán nínú Guzmania mi: ṣé kí n jẹ́ kí àárín rẹ̀ gbẹ?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ òdòdó inú ilé tọ́jú, Òṣogbo ni mo wà. Guzmania ni, ẹbí ọ̀pẹ̀ òyìnbó, èyí tí ewé rẹ̀ kóra jọ láàárín bí ife tó ń gba omi dúró. Òdòdó rẹ̀ ti ń gbẹ, ọmọ méjì sì ti yọ nídìí rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò tíì ga tó ìdajì ìyá, kò tíì yá láti gé wọn.

Tanwíjí ni wàhálà. Mo máa ń da omi àárín nù, mo sì ń fi omi òjò ṣàn án lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ (omi kànga máa ń fi àbàwọ́n funfun sílẹ̀ lára ewé). Àwọn tó há sí ìdí ewé kì í bá omi jáde. Mo fi sírínjì fà wọ́n, wọ́n dín kù, wọn kò tán. Ẹ má wulẹ̀ dárúkọ kẹrosíìnì, yóò jó ewé. Oògùn tó bá ní kọ́pà náà, májèlé ni fún irú òdòdó yìí.

Ó ku kí n jẹ́ kí àárín gbẹ, kí n máa bomi rin ìkòkò nìkan. Èèpo igi àti èédú ló wà níbẹ̀, omi kì í dúró. Àmọ́ ọyẹ́ ń bọ̀, ṣóńṣó ewé sì ti ń gbẹ.

Bí àárín bá gbẹ lásìkò ọyẹ́, ṣé ìyá á lè bọ́ àwọn ọmọ títí wọn á fi tó gé? Àbí ẹ mọ ohun tó ń pa tanwíjí láì pa ewé, báwo lẹ sì ṣe ń wọ̀n ọ́n?