Forensic psychology fún ọjọ́ mẹ́wàá ní Àkúrẹ́: kí ni kò gbọdọ̀ má sí nínú ètò?

Omo_Alagbaka
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ibí. Àwa kan fẹ́ ṣe kọ́ọ̀sì kúkúrú lórí forensic psychology (ìmọ̀ ìhùwàsí èèyàn tí a ń lò fún ọ̀rọ̀ òfin àti kóòtù) ní Àkúrẹ́ nínú oṣù Kẹjọ, lásìkò họlidé gígùn. Ọjọ́ mẹ́wàá ni, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí mẹ́ta ọ̀sán. Akẹ́kọ̀ọ́ sàíkọ́lọ́jì láti yunifásítì Àkùngbá wà níbẹ̀, ti UNIMED, yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn ní Oǹdó, náà wà, pẹ̀lú àwọn lọ́yà, nọ́ọ̀sì, àwọn ará wẹ́fíà àti wọ́dà díẹ̀. Ètò tí wọ́n kọ́kọ́ gbé wá fún wa kún fún ìtàn àwọn apààyàn ilẹ̀ Amẹ́ríkà, bí a ṣe ń dá òpùrọ́ mọ̀ lójú, àti ìdánwò tí ń fi ọ̀daràn paraku hàn. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀ sí i. Kí ló yẹ kó gba àkókò jù? Kí la lè yọ? Ṣé a lè kó wọn lọ sí kóòtù àti ọgbà ẹ̀wọ̀n Olókùúta?

Oluko_Akungba
Ẹ yọ òpùrọ́ dídámọ̀ kúrò, àfi tí ẹ bá fẹ́ fi wákàtí kan ṣàlàyé pé kò ṣeé gbára lé. Bond àti DePaulo kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ ní 2006, nínú ìgbà ọgọ́rùn-ún, bíi 54 péré ni èèyàn ń mọ irọ́ yàtọ̀ sí òtítọ́. Ẹni tó kàn ju kọ́bọ̀ sókè máa gba 50. Nílẹ̀ wa níbí ó tún burú sí i: ọmọ tó bá tẹjú mọ́ àgbà, a ní kò lẹ́kọ̀ọ́, tó bá wolẹ̀ ní tèṣàn, wọ́n á ní ó mọ nǹkan nípa ọ̀rọ̀ náà.

Bí a ṣe ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹlẹ́rìí ni kí ẹ fún ní ọjọ́ mẹ́rin gbáko. Ìlànà cognitive interview ti Fisher àti Geiselman, tó ń ran ẹlẹ́rìí lọ́wọ́ láti rántí fúnra rẹ̀, ni kí ẹ lò. Ẹ má gbà ju èèyàn 24 lọ, kí ẹ pín wọn sí mẹ́ta-mẹ́ta: ọ̀kan ń bi ìbéèrè, ọ̀kan jẹ́ ẹlẹ́rìí, ẹ̀kẹta mú bírò àti ìwé lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kìíní, ẹ pe àwọn mẹ́jọ tó máa jẹ́ ẹlẹ́rìí sínú yàrá kan, ẹ fi fídíò ìṣẹ́jú kan àbọ̀ hàn wọ́n, ẹ má sọ ìdí rẹ̀ fún wọn. Àwọn yòókù ò gbọdọ̀ rí i rárá. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀sì ti ń bà á jẹ́: tí ẹni tó ń bi ìbéèrè bá ti wo fídíò, ohun tó ti mọ̀ ló máa lọ máa wá lẹ́nu ẹlẹ́rìí. Fídíò mẹ́ta lẹ nílò, kí kálukú lè ṣe ẹlẹ́rìí lẹ́ẹ̀kan.

Lọ́jọ́ kẹta, ẹ fún wọn ní ìṣẹ́jú 25. Kí ẹlẹ́rìí kọ́kọ́ dijú, kó rántí ibi tó jókòó sí, ohun tó ń gbọ́, ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà náà. Lẹ́yìn náà: “Ẹ sọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ rántí, kódà èyí tẹ́ ẹ rò pé kò já mọ́ nǹkan. Èyí tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ ní ẹ ò mọ̀.” Kí olùbéèrè wá pa ẹnu mọ́. Ó máa ń nira fún wọn gidi, pàápàá àwọn lọ́yà. Tí ẹlẹ́rìí bá sọ tán, kó tún un sọ láti ìparí padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Apá kan wà tí wọ́n ti ń ní kí ẹlẹ́rìí fojú ẹlòmíì wo ọ̀rọ̀ náà. Ẹ fò ó, ó lè mú àròsọ jáde.

Iṣẹ́ ẹni kẹta ni kó ṣírò: ìbéèrè aláìdíwọ̀n (èyí tó jẹ́ kí ẹlẹ́rìí sọ ọ́ bó ṣe fẹ́) mélòó, ti bẹ́ẹ̀ni-bẹ́ẹ̀kọ́ mélòó, èyí tó fi ìdáhùn sẹ́nu ẹlẹ́rìí mélòó, ìgbà mélòó ni wọ́n já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu. “Kí lẹ rí lọ́wọ́ rẹ̀?” dára. “Ṣé ẹ rí ọ̀bẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀?” ti ba ẹ̀rí jẹ́. Tí wọ́n bá ń jiyàn, ẹ sọ ti Loftus àti Palmer ní 1974 fún wọn. Wọ́n fi fídíò ìjàǹbá ọkọ̀ han akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n bi àwọn kan léèrè eré tí ọkọ̀ ń sá nígbà tí wọ́n “fọ́ ara wọn túútúú”, wọ́n lo “kọlu ara wọn” fún àwọn mìíràn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, 16 nínú 50 ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ ní àwọn rí gíláàsì tó fọ́. 7 nínú 50 ló sọ bẹ́ẹ̀ nínú ẹgbẹ́ kejì. Kò sí gíláàsì kankan tó fọ́ nínú fídíò náà.

Loya_OkeEda
Ẹ kú àlàyé, Olùkọ́. Omo_Alagbaka, ẹ ṣọ́ra fún oṣù Kẹjọ: àwọn adájọ́ Hàìkọ́ọ̀tù máa ń wà lórí ìsinmi ọdọọdún. Májísírétì ni kí ẹ kọ lẹ́tà sí.

Ọjọ́ méjì tó fún òfin. Ohun tí wọ́n máa ń dà pọ̀ jù ni èyí: ṣé olùjẹ́jọ́ ń ṣàìsàn ọpọlọ báyìí débi pé kò lè tẹ̀ lé ẹjọ́ rẹ̀, àbí ó ń ṣe é lọ́jọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀? Ìbéèrè méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ti àkọ́kọ́ lè dá ẹjọ́ dúró. Ti èkejì ni abala 28 nínú Criminal Code ń sọ, ó sì ní ẹsẹ̀ mẹ́ta: kò lóye ohun tó ń ṣe, kò lè kó ara rẹ̀ níjàánu, tàbí kò mọ̀ pé kò yẹ kóun ṣe é. Ìjábọ̀ tó bá kàn kọ “ó ní schizophrenia” (orúkọ àìsàn ọpọlọ kan) láìfọwọ́ kan ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò wúlò fún mi rárá.

Ẹ fi Evidence Act 2011, òfin ẹ̀rí, kún un: abala 68 lórí ẹ̀rí onímọ̀, abala 29 lórí ìjẹ́wọ́ tí wọ́n fi ipá gbà. Ẹ wo ACJA 2015 pẹ̀lú, ìyẹn òfin ìlànà ẹjọ́ ọ̀daràn, abala 15 lórí gbígba ìjẹ́wọ́ sórí fídíò, àti 17 lórí ẹni tó yẹ kó jókòó ti afurasí, ì báà jẹ́ lọ́yà rẹ̀ tàbí òṣìṣẹ́ Legal Aid, àjọ ìjọba tó ń fún aláìní ní lọ́yà. Ṣùgbọ́n òfin àpapọ̀ nìyẹn o. Oǹdó ní tirẹ̀, òun ni kí ẹ tẹ̀ fún wọn. Kí wọ́n tún mọ̀ pé ẹni tó bá sọ̀rọ̀ ní Yorùbá, Yorùbá ni kí a kọ́kọ́ kọ ọ́ sí. Ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì á wá tẹ̀ lé e, ògbufọ̀ á fọwọ́ sí i, á sì ṣeé pè wá sí kóòtù.

Noosi_Ondo
Olókùúta ṣeé lọ. Ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ ọgbà àtúnṣe ní ìpínlẹ̀ ni kí ẹ kọ̀wé sí, kí ẹ tètè kọ ọ́, kí orúkọ gbogbo ẹni tó ń bọ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ má ju méjìlá lọ lẹ́ẹ̀kan. Fóònù ò ní wọlé.

Àmọ́ ẹ kì í lọ síbẹ̀ lọ fi ẹlẹ́wọ̀n ṣe ìdánrawò. Púpọ̀ nínú wọn ṣì ń retí ìdájọ́. Ohun tí wọ́n bá sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹjọ́ wọn kì í ṣe àṣírí lójú òfin, wọ́n sì lè pe akẹ́kọ̀ọ́ yẹn wá jẹ́rìí. Àwọn òṣìṣẹ́ ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀: báwo ni wọ́n ṣe ń yẹ ẹni tuntun wò, ta ló ń ṣọ́ ẹni tó lè pa ara rẹ̀? Ọjọ́ àkọ́kọ́ lẹ́wọ̀n ló léwu jù.

Ẹ̀yin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹ fi sọ́kàn pé ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn ò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó máa kọ ìjábọ̀ rẹ̀ fún adájọ́. Ẹni tó bá sì ń kọ ọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ pé: “Bàbá, ohun tẹ́ ẹ bá bá mi sọ, mi ò ní pa á mọ́, inú ìwé tí adájọ́ máa kà ló ń lọ.”

Omo_Alagbaka
Ẹ ṣeun gan-an. Ti ìdánwò ọ̀daràn paraku yẹn ńkọ́? Òun ni wọ́n ń béèrè jù.

Oluko_Akungba
PCL-R ni wọ́n ń sọ, ìdíwọ̀n ìwà àìláàánú tí wọ́n ń pè ní psychopathy. Ohun ogún ló ń yẹ̀ wò, òdo sí méjì fún ìkọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ 40. Ẹni tó bá gba 30 sókè ni wọ́n sábà ń kà sí bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Kì í ṣe ìwé tí ẹlẹ́wọ̀n máa kún fúnra rẹ̀. Ó nílò ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò gígùn pẹ̀lú fáìlì ìgbésí ayé ẹni náà, iléèwé, iṣẹ́, ẹ̀sùn àtẹ̀yìnwá. Irú fáìlì yẹn kì í sábà sí níbí, tí kò bá sì sí, àbá lásán ni máàkì tí ẹ bá fún un. Ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún wákàtí kan, ẹ má pín fọ́ọ̀mù rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tó bá kù, ẹ fi kọ́ wọn ní ìjábọ̀ kíkọ: ojú ìwé mẹ́rin, ohun tí a rí ní apá kan, èrò wa ní apá kejì. Kí àwọn lọ́yà wá fi ìbéèrè gbọ̀n ọ́n wò, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún ẹnì kan.

Loya_OkeEda
Àwa máa gbọ̀n ọ́n dáadáa. Sáǹfíkéètì náà ńkọ́? Ẹ kọ iye wákàtí àti ohun tí wọ́n ṣe síbẹ̀, ẹ má kọ “forensic psychologist” sí iwájú orúkọ ẹnikẹ́ni.