Ẹ gbà mí o, ṣé IrfanView, áàpù tí wọ́n fi ń wo fótò tí wọ́n sì fi ń tún un ṣe, ṣeé fi ṣe fótò ìgbéyàwó?

Ìyá Tóbi: Ẹ kúulé o, orí mi ti dàrú. Láptọ́ọ̀pù mi ò ju RAM 4GB lọ, áàpù ńlá tí mò ń sanwó ẹ̀ lóṣooṣù kàn ń dúró gbagidi ni, mo jókòó tì í di aago méjì òru, iná tún lọ, epo ò sí nínú jẹnẹrétọ̀, ìyá ìyàwó wá ń pè mí bí ẹni tí mo jẹ lówó. Fótò 1,200! Wọ́n ní IrfanView fúyẹ́, ṣé kì í ba fótò jẹ́?

Bàbá Fótò: Ó dáa gan-an. Láti 1996 ló ti wà, ọmọ Bosnia kan tó ń gbé ní Austria, Irfan Škiljan, ló ṣe é. Ẹ ṣáà tẹ B, Batch, ibi tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀pọ̀ fótò lẹ́ẹ̀kan náà, á ṣí, ẹ kó fótò sí i, ẹ dín in kù nínú Advanced.

Ìyá Ìbejì: XnConvert, áàpù míì tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn, lèmi ń lò o, torí Mac ni tèmi, IrfanView ò sì sí fún Mac. Nígbà ìsìnkú bàbá ọkọ mi, kí n tó jẹ àmàlà tán ó ti ṣe gbogbo fótò.

Dádì Ṣèyí: IrfanView jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ìlò ilé, kì í ṣe fún òwò. Ẹni tó ń fi í gbowó gbọ́dọ̀ ra láísẹ́ńsì!

Ìyá Ìbejì: Ta ló bi yín léèrè láísẹ́ńsì?

Dádì Ṣèyí: Òótọ́ ni mo sọ.

Ìyá Tóbi: Màá rà á sà. Mo ti lò ó lánàá, mo dín gbogbo ẹ̀ sí 800 pixel fún WhatsApp, inú fódà kan náà ni mo kó o sí, ìyàwó wá ní álíbọ́ọ̀mù ńlá lòun fẹ́.

Bàbá Fótò: Haa! Ṣé ẹ ò máàkì Overwrite? Ẹ ti kọ ọ́ lé ojúlówó lórí nìyẹn, 800 ò sì lè ṣe álíbọ́ọ̀mù. Káàdì kámẹ́rà ńkọ́?

Ìyá Tóbi: Mo máàkì ẹ̀. Àbúrò mi sì ti fọ́máàtì káàdì. Ojú ló ń tì mí tí mi ò fi tètè sọ.

Ìyá Ìbejì: Kí ló dé tẹ́ ò kọ́kọ́ ṣe kọ́pì?

Bàbá Fótò: Ẹ jẹ́ á gbọ́ ná. Ìyá Tóbi, ṣé wọ́n ti ya fótò míì sórí ẹ̀?

Ìyá Tóbi: Rárá, inú báàgì mi ló wà.

Bàbá Fótò: Ẹ má kàn án o! Ẹ wá PhotoRec, ọ̀fẹ́ ni, ó lè rí wọn hú jáde tí nǹkan míì ò bá tíì bò wọ́n. Ohun tó bá rí, orí hard drive ni kẹ́ ẹ kó o sí, ẹ má kó o padà sórí káàdì yẹn.

Ìyá Tóbi: Mo ti ń dáńlóòdù ẹ̀ báyìí, dátà mi ò ní tán lágbára Ọlọ́run.