Land Rover àtijọ́ àti bíréèkì tí kò fẹ́ mú: ẹ wá sọ tiyín

Ọmọ Ìdànrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń wa ọkọ̀ tó dàgbà ju àwọn ọmọ yín lọ. Wọ́n ní kí ẹni tó bá ti bá bíréèkì onídúrọ́ọ̀mù jìjàkadì rí wá sọ tẹnu rẹ̀. Tèmi nìyí.

Land Rover Series III ni, èyí tó gùn tí wọ́n ń pè ní 109. Bàbá mi ló rà á, òun náà la sì fi ń kó kòkó bọ̀ láti oko di òní. Dúrọ́ọ̀mù, irin bí ìkòkò tó ń bá táyà yí, ló wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sí dísìkì kankan níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ wa mọ̀ pé òkè lọ́tùn-ún, òkè lósì ni. Bí a bá ti to àpò kòkó kún ẹ̀yìn ọkọ̀ tán, tí a wá ń sọ̀ kalẹ̀, orúkọ Ọlọ́run àti ti bíréèkì la jọ máa ń pè pọ̀.

Àìsàn méjì ló kó papọ̀. Bí mo bá tẹ bíréèkì, á wọlẹ̀ jìnnà kó tó mú, àmọ́ bí mo bá yára pọ́ńpù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, á dúró sókè, á sì le. Lẹ́yìn èyí, ó ń fà sọ́wọ́ ọ̀tún díẹ̀, pàápàá bí òjò bá ti rọ̀. Mẹkáníìkì tí mo kọ́kọ́ fi hàn ò tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ tó fi sọ pé máásítà sílíńdà, èyí tó ń ti ọ́ìlì lọ sí táyà bí a bá tẹ bíréèkì, ló ti lọ, kí n lọ mówó wá.

Mi ò mówó kankan wá. Máásítà sílíńdà ò ṣòro láti dán wò. Ẹ tẹ bíréèkì, kí ẹ dúró lé e láì gbésẹ̀, kí ẹ máa wò ó. Bó bá ń rọra rì lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, tí ọ́ìlì ò sì jò síbì kankan, rọ́bà inú máásítà ló ti jẹ. Tèmi ò rì. Bó bá ń rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀, afẹ́fẹ́ ló wà nínú páìpù. Tèmi ò rọ̀. Èyí tó bá ń wọlẹ̀ jìnnà, tó wá ń le ní pọ́ńpù kejì, ṣúù, ohun tó ń fún mọ́ inú dúrọ́ọ̀mù láti dá táyà dúró, ló ti jìnnà sí i. Ọ́ìlì tí ìtẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ń tì ò tó gbé ṣúù débi tó ń lọ, ni ẹlẹ́ẹ̀kejì bá wá parí iṣẹ́.

Bíréèkì ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní ń sún ara rẹ̀ bí ṣúù bá ṣe ń jẹ. Ti Land Rover yìí, ọwọ́ la fi ń sún un. Orí nọ́ọ̀tì kan ń bẹ lẹ́yìn irin pẹrẹsẹ tó gbé ṣúù dání. Ẹ gbé táyà kúrò nílẹ̀, ẹ yí nọ́ọ̀tì yẹn títí táyà á fi dè pinpin, kí ẹ wá dá a padà díẹ̀díẹ̀ títí táyà á fi yí fàlàlà. Níwájú 109, ṣúù kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, méjì lẹ ó sún ní táyà kan. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì á sún ẹyọ kan, wọ́n á nuwọ́, wọ́n á ní ó ti parí. Bí ìpẹtà bá ti mú un, ẹ má fipá yí i, á dá mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ fi òróró tó ń tú ìpẹtà rẹ ẹ́ mọ́jú.

Ìyẹn tán wàhálà ti àkọ́kọ́. Fífà sọ́tùn-ún ló lọ́rọ̀ nínú.

Ibi tí bíréèkì bá ti ń mú lọkọ̀ ń fà sí. Nítorí náà bó bá ń fà sọ́tùn-ún, ẹ lọ wá aláìsàn náà lósì. Mo dọ̀bálẹ̀ wo táyà òsì tẹ̀yìn. Ní apá inú rẹ̀, tí èèyàn ò lè dúró lókè rí, erùpẹ̀ pupa ti lẹ̀ mọ́ rọ́bà, ó tutù, ó ń dán. Mo tú dúrọ́ọ̀mù. Ṣúù méjèèjì dúdú kirimú, ọ́ìlì ti bò wọ́n. Mo fìka kàn án, mo gbé e símú: òórùn imí ọjọ́. Ọ́ìlì gíà nìyẹn, láti inú diff, gíà tó ń pín agbára fún táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Ọ́ìlì bíréèkì kì í rùn báyẹn, bí ẹ bá sì bu omi sí i lọ́wọ́, á bómi lọ. Ti gíà á kàn máa yọ̀ lọ́wọ́ yín ni. Àyẹ̀wò kékeré yìí ló máa sọ bóyá sílíńdà ẹsẹ̀ ọkọ̀, èyí tó ń ti ṣúù, lẹ ó lọ rà tàbí ọ́ìlì síìlì hub, rọ́bà tó ń dá ọ́ìlì gíà dúró ní ìdí táyà.

Àmọ́ síìlì yẹn ò tíì pẹ́ lára ọkọ̀. Kí ló wá dé? Lórí axle ẹ̀yìn, irin gbọọrọ tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, ohun kékeré kan wà tí axle fi ń mí, breather ni wọ́n ń pè é. Amọ̀ oko ti dí i pa. Bí axle bá gbóná, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á fẹ̀, kò sì rí ibi gbà jáde, ló bá ń ti ọ́ìlì gba ẹnu síìlì. Mo tú u, mo fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́ títí afẹ́fẹ́ fi ń gba inú rẹ̀ kọjá, kí n tó fi síìlì tuntun sí i. Ẹni tó bá pààrọ̀ síìlì láì wo ibẹ̀, ọjà ló ń bá àwọn onípáàtì tà.

Ní ti ṣúù tó ti mu ọ́ìlì, àwọn kan á ní kí ẹ fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́, àwọn mìíràn á ní kí ẹ fi iná jó o. Mi ò sí níbẹ̀. Bó bá tún ti gbóná ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ọ́ìlì tó ti wọ̀ ọ́ nínú á tún sun jáde. Ẹ pààrọ̀ tòsì tọ̀tún pọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ fífà náà ò ní tán. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń fi kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ fẹ́ eruku inú dúrọ́ọ̀mù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́. Asbestos wà nínú ọ̀pọ̀ ṣúù àtijọ́, ẹ̀dọ̀fóró èèyàn ló ń bá jà. Ẹ fi omi rẹ ẹ́, kí ẹ fi àkísà nù ún.

Ọ̀gá Oníṣẹ́, Ìbàdàn

Ẹ ṣeun, àbúrò. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan tó ti ṣiṣẹ́ ní Leyland nílùú wa níbí, níbi tí wọ́n ti ń to Land Rover nígbà náà, ni mo ti kọ́ṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un.

Hándíbíréèkì ọkọ̀ yìí ò kan táyà rárá. Dúrọ́ọ̀mù tirẹ̀ wà lẹ́yìn gíà kékeré, propeller ẹ̀yìn, ọ̀pá tó ń gbé agbára lọ sí diff, ló ń dì mú. Nítorí náà, ẹni tó bá ní "hándíbíréèkì ń mú, bíréèkì ẹ̀yìn dáa nìyẹn" ò tíì mọ ọkọ̀ náà. Ohun tó sì lè pa èèyàn ni pé bí ẹ bá fi jáàkì gbé táyà ẹ̀yìn kan ṣoṣo, hándíbíréèkì ò lè dá ọkọ̀ yẹn dúró. Diff á jẹ́ kí táyà tó wà lókè máa yí sódì, kí èyí tó wà nílẹ̀ máa yí lọ, ọkọ̀ á sì bọ́ lórí jáàkì. Ẹ fi òkúta tàbí igi tì í níwá lẹ́yìn kí ẹ tó kan jáàkì.

Tó bá di pé kí ẹ lé afẹ́fẹ́ jáde, iwájú 109 máa ń ya olóríkunkun, torí sílíńdà méjì ló wà ní táyà kan. Ẹ kọ́kọ́ sún ṣúù títí á fi lẹ̀ mọ́ dúrọ́ọ̀mù, kí písítìn má ráàyè rìn, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Táyà tó jìnnà jù sí máásítà lẹ ó fi ṣáájú: ọ̀tún ẹ̀yìn ni, bí ìdarí ọkọ̀ bá wà lósì. Àwọn kan ṣì ní èyí tí ìdarí rẹ̀ wà lọ́tùn-ún, tó ti wọ̀lú kí Nàìjíríà tó yí ojú pópó padà ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972. Òsì ẹ̀yìn ni tiyín. Ẹ má fi pẹtiróòlù fọ rọ́bà bíréèkì, á wú. Ọ́ìlì bíréèkì náà ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́.

Ẹ sì máa pààrọ̀ ọ́ìlì yẹn. Ó máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. DOT 4, irú ọ́ìlì bíréèkì kan, bó bá jẹ́ tuntun kì í hó títí ó kéré tán 230 dígírì. Èyí tó ti mumi lè hó ní nǹkan bí 155. Ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti Ẹ̀fọ̀n Aláayè pẹ̀lú ẹrù, ẹ bá mi sọ fún un.

Ìyá Cruiser

Ẹ kú àlàyé o, ẹ̀yin ọ̀gá. Toyota FJ40 lèmi ní, oní-dúrọ́ọ̀mù níwájú. Tèmi kì í ṣe pé kò mú, ó mú tí kò tú. Ọkọ̀ á máa wúwo, bí mo bá sì sọ̀ kalẹ̀ tí mo súnmọ́ táyà iwájú kan, ooru rẹ̀ á máa lù mí lójú. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ní sípíríǹgì ṣúù ni.

Ọ̀gá kan ló kọ́ mi bí a ṣe ń mọ̀. Nígbà tí táyà ṣì dè, ó tú nọ́ọ̀tì ibi tí páìpù irin ti pàdé họ́ọ̀sì rọ́bà. Táyà ò mira. Ó wá tú nípù tí a fi ń lé afẹ́fẹ́ jáde, tó wà lẹ́yìn táyà fúnra rẹ̀, ọ́ìlì ta jáde fíì, táyà sì yí. Ìṣòro náà wà láàárín ibi méjèèjì nìyẹn: họ́ọ̀sì rọ́bà. Lóde ó dáa bí ẹni rà á lánàá, àmọ́ inú rẹ̀ ti wú, ọ́ìlì ń rí ọ̀nà wọlé, kò rí ọ̀nà padà. Ká ní gbogbo táyà ló jọ ń dè, ó ní ibi ọ̀pá tó ti ẹsẹ̀ bíréèkì lọ sí máásítà ni òun ì bá lọ wò, bóyá kò ṣẹ́ àyè díẹ̀ kù.

Ará Birmingham

Ní tiwa níbí, iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù ló ń jẹ páìpù irin. Èyí tó gba orí axle ẹ̀yìn kọjá ló kọ́kọ́ máa ń lọ. Ọkọ̀ tó bá ti lé ní ogójì ọdún, tí wọn ò yí ara rẹ̀ padà, kò pọn dandan kó ṣe MOT, àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún, mọ́ níbí, nítorí náà kò sí ẹni tó máa bá ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Páìpù tí wọ́n fi kọ́pà àti nickel ṣe ni mo fi pààrọ̀ gbogbo tèmi, kì í pẹtà.

Kékeré Awakọ̀

Ẹ̀gbọ́n Ìdànrè, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá gba inú odò kọjá ńkọ́? Tèmi kì í mú rárá lẹ́yìn rẹ̀.

Ọmọ Ìdànrè

Omi ló wọ dúrọ́ọ̀mù, àbúrò. Bí o bá ti jáde, rọra wà á lọ, kí o fẹsẹ̀ kan bíréèkì fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ títí á fi gbóná díẹ̀ tí á sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú. Má tíì dojú kọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kankan. Bó bá jẹ́ odò ẹlẹ́rẹ̀ ni, tú dúrọ́ọ̀mù lọ́jọ́ kejì kí o fomi mímọ́ ṣan inú rẹ̀, torí yanrìn á máa ha irin yẹn ni. Kí o sì tún wo ọ́ìlì diff. Bó bá ti funfun bíi mílíìkì, omi ti débẹ̀ náà nìyẹn.