Báwo ni a ṣe ń gba owó iṣẹ́ ìlàjà láì jẹ́ kí wọ́n fura sí wa?

Ìbéèrè, láti Ìbàdàn:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi nídìí iṣẹ́ yìí, mo kí yín o. Mo ní ọ́fíìsì kékeré kan níbi tí a ti ń parí aáwọ̀ láàárín mọ̀lẹ́bí, alájọṣòwò àti ẹgbẹ́ onílé, tí a sì tún ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ bí a ti ń ronú jinlẹ̀ kí a tó ṣe ìpinnu. Iṣẹ́ ń wọlé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó kò tíì gún. Bí a bá parí ìjà tán, wọn a dúpẹ́, wọn a rọ̀jò àdúrà, wọn a sì máa lọ, nítorí pé lójú wọn, iṣẹ́ tí olórí ẹbí ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ ni èmi náà ń ṣe. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ẹnì kan a ní òun nìkan ni yóò san gbogbo owó, ẹnì kejì a sì bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí bí ẹni tí wọ́n ti rà. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni ẹ ṣe ń ṣe é? Ṣé ó sì tọ́ kí n ya ẹ̀kọ́ ìrònú jinlẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ ìlàjà?

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ olùlàjà kan, Abẹ́òkúta:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Kí ẹ tó gbọ́ ẹjọ́ rárá ni kí ọ̀rọ̀ owó ti yanjú, kí ó wà nínú ìwé tí tọ̀tún-tòsì fọwọ́ sí, kí oníkálukú sì san ìdajì. Bí apá ẹnì kan kò bá ká ìdajì, ẹ dín owó náà kù fún àwọn méjèèjì, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnì kejì bá a san. Ẹ má sì gba ìpín kankan nínú ilẹ̀ tàbí owó tí wọ́n ń jà lé lórí, nítorí ọjọ́ tí ẹ bá ní ìpín níbẹ̀ ni ẹ̀yin náà ti di oníjà. Àkókò tí ẹ lò ni kí ẹ gba owó fún, ìjà ìbáà parí, ìbáà má parí. Olórí ẹbí lè pàṣẹ, ẹ̀yin kò lè pàṣẹ. Ohun tí wọ́n ń sanwó fún lọ́dọ̀ yín ni pé ẹ kì í ṣe ara ilé wọn.

Yíya ẹ̀kọ́ ìrònú sọ́tọ̀ ni n kò fara mọ́. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò kan wá sọ́dọ̀ mi lórí àwọn ṣọ́ọ̀bù tí bàbá wọn fi sílẹ̀ (mo ti yí ohun tí a lè fi dá wọn mọ̀ padà). Àbúrò ní ẹ̀gbọ́n òun ń jẹ owó ilé. Mo fún un ní tákàdá, mo ní kí ó fa ìlà sí i kí ó pín sí mẹ́ta: ohun tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí, ohun tí wọ́n sọ fún un, àti ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń rò. Nígbà tí ó kọ ọ́ tán, ohun kan ṣoṣo ni ó wà ní apá àkọ́kọ́, pé ẹ̀gbọ́n òun ra ọ̀kadà tuntun. Ẹ̀gbọ́n náà kọ tirẹ̀, ó sì rí i pé ọ̀rọ̀ pé àbúrò òun fẹ́ ta ilé kò kúrò ní àhesọ. Ìgbà náà ni ó tó tú ọ̀rá kan tí risíìtì páànù àti ti sìmẹ́ńtì kún inú rẹ̀. Kò tíì fi í han ẹnikẹ́ni, nítorí pé ẹ̀sùn ni wọ́n ń fi kàn án, kò sẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè. Ìṣirò ni wọ́n fi ìyókù ìjókòó náà ṣe. Irú tákàdá yẹn gan-an ni mo ń gbé lọ kọ́ àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́, owó tí wọ́n sì ń san ni ó jẹ́ kí n lè fi ẹjọ́ mọ̀lẹ́bí sí iye tí apá wọn ká.

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò kan, Èkó:

Mo gbè é lẹ́sẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìwé yín bá Arbitration and Mediation Act ti ọdún 2023 mu, òfin Nàìjíríà lórí ìlàjà, tí ó rọ́pò ti ọdún 1988. Ó fi dandan lé àṣírí ohun tí wọ́n bá sọ níbi ìlàjà, ó sì sọ àdéhùn tí wọ́n bá fọwọ́ sí di ohun tí kóòtù lè fi ipá mú ṣẹ. Àwọn bàbá wa ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Nítorí náà, ẹ kọ àdéhùn náà yékéyéké, pẹ̀lú ọjọ́ àti iye owó, tí kò fi ní sí àyè fún àríyànjiyàn mìíràn.

Bí ó bá jẹ́ ogún ni, ẹ mọ ìyàtọ̀ láàárín ìdí-igi (pípín ogún sí iye ìyàwó tí ó bímọ) àti orí-ò-jorí (pípín in sí iye ọmọ) dáadáa. Nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, tí ó dé Privy Council, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù nígbà náà, ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1962, ọmọ mẹ́sàn-án tí ìyàwó mẹ́rin bí ni wọ́n ń du ogún bàbá wọn, ìdí-igi ni ilé ẹjọ́ náà sì fọwọ́ sí. Síbẹ̀, ilé ẹjọ́ náà gbà pé olórí ẹbí lè lo orí-ò-jorí láti fi dènà ìjà. Ọ̀pọ̀ mọ̀lẹ́bí kò mọ̀ pé àyè yẹn wà.

Olùbéèrè:

Mo dúpẹ́ púpọ̀. Tí àwọn tí kò lówó rárá ńkọ́?

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ olùlàjà, Abẹ́òkúta:

Ẹ júwe ibi tí ìjọba ti ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ fún wọn, bí irú Citizens' Mediation Centre tó wà ní Èkó. Ẹjọ́ tí lílù tàbí ìhàlẹ̀ bá wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ti ìlàjà, ìbáà jẹ́ olówó ló gbé e wá. Ẹ má jókòó lé e lórí. Ẹ ran ẹni tí wọ́n ń lù lọ́wọ́ kí ó dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá àti ilé ìwòsàn.