Eruku ọyẹ́ ni àbí èéfín igbó? Báwo lẹ ṣe ń fi sátẹ́láìtì yà wọ́n?

Ará Lugbe:
Ẹ kú ọyẹ́ o. Oòrùn Abuja dà bí òṣùpá látàárọ̀. Lórí NASA Worldview, ìkànnì àwòrán sátẹ́láìtì, nǹkan kan tẹ́ bí òwú láti Kano dé Lokoja. Eruku ni àbí èéfín àwọn tó ń sungbó? Ṣé a sì lè ṣírò wákàtí tó máa dé?

Ojú Ọ̀run:
Ẹ má fi Worldview nìkan dájọ́. Ẹ ṣí Dust RGB, àwòrán aláwọ̀ tó ń fi eruku hàn, ti sátẹ́láìtì Meteosat lórí ìkànnì EUMETView. Ooru tó ń gòkè láti ilẹ̀ ló ń wọ̀n, ó ń ríran lóru bí ọ̀sán. Èròjà yanrìn inú eruku ń gbé ooru yẹn mì ní ìgùn ìgbì máíkírọ̀n 10.8 ju ní 12.0 lọ, ìyàtọ̀ yẹn ló ń sọ ọ́ di pínǹkì. Horo èéfín kéré jù, ooru ń gba inú rẹ̀ kọjá. Tí Worldview bá ṣú, tí ẹ ò rí pínǹkì, ẹ fura sí èéfín.

Àmọ́ ní ìdájí, eruku tó sún mọ́ ilẹ̀ lè má hàn, torí òun àti ilẹ̀ ti tutù bákan náà. Ẹ dúró di ọ̀sán.

Ọmọ Sabon Gari:
Fún èéfín, ẹ tan àmì iná VIIRS, ẹ̀rọ orí sátẹ́láìtì, lórí Worldview; ojú kan àwòrán rẹ̀ jẹ́ 375 mítà. Bí agogo 1:30 lọ́sàn-án àti lóru ló ń kọjá, nítorí náà iná ìrọ̀lẹ́ ò ní sí nínú tọ̀sán. Aerosol Index, òǹkà ohun tó ń fò nínú afẹ́fẹ́, ò lè yà wọ́n fún yín, méjèèjì ló ń gbé e ga.

Ti wákàtí: ẹ fàmì sí etí pínǹkì tó ṣíwájú, kì í ṣe àárín rẹ̀, kí ẹ wo ibi tó dé lẹ́yìn wákàtí 3. Bó bá rin 120 kìlómítà, 40 ni fún wákàtí kan. Láti Bodélé ní Chad, níbi tí eruku ọyẹ́ ti ń wá, dé Kano tó bíi 1,100, ìyẹn wákàtí 27 àti díẹ̀. Abuja ṣì ku bíi 340. UTC, aago àgbáyé, laago orí àwòrán o, ẹ fi wákàtí 1 kún un. Ibẹ̀ ni ìṣirò ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bàjẹ́.

Ará Lugbe:
Ẹ ṣeun. Pínǹkì ti bo Abuja lóòótọ́, àmọ́ ilé tó jìnnà ṣì hàn kedere. Kí ló fà á?

Ojú Ọ̀run:
Òkè ni eruku yẹn ṣì wà. Sátẹ́láìtì ò mọ̀ bóyá kìlómítà 2 lókè ló wà àbí nímú yín. Ẹ ka METAR, ìròyìn ojú ọjọ́ ti pápákọ̀ òfuurufú: DNAA ni Abuja, DNKN ni Kano. "0800 DU" ni pé eruku ni, ojú ò ríran kọjá 800 mítà. FU ni èéfín. Bí oòrùn bá ti mú ilẹ̀ gbóná, afẹ́fẹ́ á pò pọ̀, á fà á wálẹ̀. Ẹ tún un kà láago mọ́kànlá.